Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: ṢÉ GÁÀSÌ NI LÓÒÓTỌ́?

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin arábìnrin wa nínú Olúwa, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín pé ọ̀rọ̀ ìgùfẹ̀ àti isó ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. John Wesley, baba Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kọ ìwé kan lórí ìtọ́jú àìsàn ní ọdún 1747 nítorí àwọn tálákà tí kò lówó oníṣègùn, inú rírun sì wà nínú ohun tí ó kọ nípa rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ inú wa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a ń fi ẹnu ara wa gbé mì. Ẹni tí ó ń jẹun kíákíá, tí ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu, tí ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, tàbí tí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ kò jókòó dáadáa, ó ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Ẹ wo bí a ti máa ń ṣe nígbà tí a bá ń ṣínu ààwẹ̀: òkèlè kan kò tíì kọjá ọ̀fun tí òmíràn ti ń bọ̀. Bí inú bá wá wú, a ó ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kí a lè gùfẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ìgò náà gan-an ni ó ń jáde! Ẹni tí ó bá sì ń fi tipátipá gùfẹ̀ léraléra, afẹ́fẹ́ tuntun ni ó ń gbé mì kí ó tó gùfẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tán.

Èyí tí ó kù ń ti inú ìfun ńlá wá. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ń jẹ oúnjẹ tí kò dà, wọn a sì mú afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ̀wà ní irú ṣúgà tí ara wa kò lè dà. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, kí ẹ fi omi tuntun sè é. Káún a máa mú un tètè rọ̀, ṣùgbọ́n kò dára fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní ti mílíìkì, ní ọdún 1971 Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé àgbàlagbà Yorùbá tí ara rẹ̀ lè da ṣúgà inú mílíìkì dáadáa ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Fúlàní darandaran. Nítorí náà, ìyá tí inú rẹ̀ ń kùn lẹ́yìn tíì oní-mílíìkì, kì í ṣe ọ̀tá ilé ni ó fi nǹkan sí i. Kí ó dín in kù, tàbí kí ó jẹ wàrà, nítorí púpọ̀ nínú ṣúgà náà ti bá omi rẹ̀ lọ.

Kí a dá isó ní ìgbà 10 sí 20 lóòjọ́ kì í ṣe àìsàn. Ẹ jẹun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ tú ìró tí ẹ so le koko, ẹ rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ohun tí ó mú mi kọ ìwé yìí gan-an ni pé gbogbo nǹkan ni a ń pè ní gáàsì. Bí àyà bá ń dunni bí ẹni pé nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò wá, tàbí tí èémí kò délẹ̀, ó lè jẹ́ ọkàn. Ẹ má po iyọ̀ tí ń hó nínú omi mu kí ẹ wá dùbúlẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni bí inú bá wú, tí èébì ń gbéni, tí ìgbẹ́ àti isó kò sì jáde mọ́.

Èyí tí ó ń yọ́ wọlé ni inú tí ó ń wú lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá lára ìyá tí ó ti lé ní 50 ọdún, tí kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Oúnjẹ díẹ̀ ti ń yó o, ó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ bá dókítà, kí ó ka iye ọ̀sẹ̀ náà fún un, kí ó sì béèrè bóyá wọn yóò yẹ ilé ẹyin rẹ̀ wò.