Kí Fáìlì Má Bàa Purọ́ Ọjọ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ilé ìtẹ̀wé, ní kafé àti ní ọ́fíìsì ilé-ìwé, láti Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì títí dé Ẹmùré àti Ìkẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ yín ló ń pín fóódà kan lò: kọ̀ǹpútà kan gbé e dání, àwọn yòókù ń mú fáìlì níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé èsì ìdánwò wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀dà méjì. Èyí tí wọ́n ṣe ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ń fi mẹ́wàá ààbọ̀ hàn. Èyí tí olùkọ́ ṣàtúnṣe sí ní aago mẹ́wàá ń fi mẹ́wàá rẹ̀ hàn. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde mú èyí tó dà bíi tuntun, òbí sì gba máàkì tí kò tọ́ lọ sílé. Agogo ló fà á. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe nìyí.

1. Ẹ má fọwọ́ kan fáìlì ná. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ má pa ẹ̀dà kankan rẹ́, ẹ má sì ṣí i tún fi pamọ́ kó lè gba ọjọ́ tuntun. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ rí sílẹ̀ lórí ìwé, kí ẹ tó wá agogo tó ṣìnà.

2. Ẹ wo iye tó fi yàtọ̀. Bó bá jẹ́ wákàtí kan géérégé, time zone ni kí ẹ fura sí. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ń pọ̀ sí i, agogo náà kò gba àkókò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bó bá sì padà sí ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, bátìrì inú rẹ̀ ti kú.

3. Ẹ tún time zone ṣe kí ẹ tó tún aago ṣe. Láti ọdún 1919 ni Nàìjíríà ti ń fi wákàtí kan ṣíwájú Greenwich, a kì í sì í yí i lẹ́ẹ̀rùn tàbí lójò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń yí tiwọn: wọ́n ń sún un síwájú ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n ń dá a padà ní èyí tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó bá ti London dé, tí ẹnikẹ́ni kò tún ètò rẹ̀ ṣe, á máa bá aago wa mu ní gbogbo àárín ìgbà náà. Tó bá di oṣù Kọkànlá, ó ti fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ẹni tí kò mọ̀ á fọwọ́ sún un síwájú, ojú aago á sì dára. Ṣùgbọ́n àkókò Greenwich ni Windows ń kọ sára fáìlì lórí dísíìkì NTFS. Time zone ló fi ń ṣírò èyí tí ẹ ń rí. Gbogbo fáìlì tó bá ti ibẹ̀ wá á wá fi wákàtí kan ṣíwájú lójú àwọn yòókù. West Central Africa ni kí ẹ yàn. Ẹ má tìtorí +01:00 yan Berlin o. Tiwọn náà ń yí.

4. Ẹ pààrọ̀ bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, CR2032 ni, pẹlẹbẹ, volt 3. Òun ló ń rántí àkókò nígbà tí iná bá lọ. Kọ̀ǹpútà tó bá jí láàárọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àtijọ́ ti sọ àìsàn rẹ̀ fún yín.

5. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà tó gbé fóódà dání. Bí ẹ bá kọ nǹkan sínú fóódà náà tààrà, agogo rẹ̀ ló sábà máa ń fi ọjọ́ sí i. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà fáìlì láti ibòmíràn wá, ọjọ́ àtúnṣe rẹ̀ á bá a wá. Torí náà ẹ yẹ gbogbo wọn wò. NTP, ọ̀nà tí David Mills gbé jáde ní 1985, ni kọ̀ǹpútà ṣì fi ń béèrè aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi fóònù fún un ní dátà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wá tẹ Sync now.

6. Ẹ má bá fílásì jà lásán. FAT32 tí ọ̀pọ̀ fílásì ń lò kì í kọ time zone sílẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì ló sì fi ń ka àkókò àtúnṣe. Bí Date created bá sì pẹ́ ju Date modified lọ, ọjọ́ tí ẹ̀dà náà dé ibẹ̀ ni. Date modified ni kí ẹ máa wò.

7. Ẹ má fọwọ́ yí ọjọ́ fáìlì padà láti bo àṣìṣe. Abala 84 nínú Evidence Act 2011 fẹ́ kí a fi hàn pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa kí ilé-ẹjọ́ tó gba ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan: kọ̀ǹpútà wo ló ṣìnà, láti ọjọ́ wo, iye wo, ta ló tún un ṣe.

8. Ẹ fi ọjọ́ sínú orúkọ fáìlì, ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, bíi 2024-11-18, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ẹ̀dà kún un. Nígbà náà, bí agogo mìíràn bá tún ṣìnà, ẹni tó fẹ́ tẹ̀wé á ṣì mọ èyí tí yóò mú.