Èérún Ike Nínú Ẹja: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Apẹja àti Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Sin Ẹja ní Niamey

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń jẹun lára Odò Ọya ní Niamey, ọ̀rọ̀ ike tó ń wọ inú ẹja ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn ará etí òkun nìkan. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí adágún Eléyelé ní Ìbàdàn, adágún tí ìlú ń mu omi rẹ̀. Ẹja 109 ni wọ́n là nínú. Irú mẹ́jọ ni wọ́n, epìyà sì wà lára wọn. Kò sí irú kan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí wọn ò bá èérún ike ní ikùn rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ti rí i nínú epìyà adágún Victoria ní Mwanza, lórílẹ̀-èdè Tanzania.

Èérún tí à ń wí kò tó mìlímítà 5. Òmíràn kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ní Niamey, ooru oṣù kẹrin a máa kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀rá tó bá wà nílẹ̀ nínú oòrùn bẹ́ẹ̀ á gan, á wá máa rún bí ewé gbígbẹ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àgbàrá á gbá a gba àfonífojì Gountou Yéna wọ odò. Òfin ọdún 2014 ti ka ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léèwọ̀ ní Niger, àmọ́ ọ̀rá ò tíì tán nílẹ̀.

Àwa náà sì ń dá kún un. Ike ni àwọ̀n wa, ike ni báàgì oúnjẹ ẹja. Ibi tí agbára wa ká nìyí. Ẹ má fi báàgì òfìfo sílẹ̀ sínú oòrùn létí kòtò ẹja. Òwú rẹ̀ á máa já wẹ́wẹ́ bọ́ sómi, ẹja á sì máa gbé e mì pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ kó o sábẹ́ òrùlé, kí ẹ sì máa tú ojú báàgì níbi tó jìnnà sómi. Àwọ̀n tó bá ti gbó kọjá àtúnṣe, ẹ gbé e wálé, ẹ má gé e jù sódò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fa omi odò sínú kòtò, ẹ jẹ́ kí àgbàrá òjò àkọ́kọ́ kọjá lọ ná. Kí ẹ tún fi asẹ́ sẹ́nu pọ́ǹpù. Asẹ́ ò lè mú èérún tó kéré jù, ṣùgbọ́n á dá àjákù ọ̀rá dúró kó tó wá di èérún nínú kòtò yín.

Inú ikùn àti ìfun ẹja ni èyí tó pọ̀ jù nínú èérún ike ń wà. Ẹ la ẹja kí ẹ tó yan án, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń sá lódindi ló ń gbé ìfun rẹ̀ dé inú ọbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ níkùn kí ìfun jáde, bí iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Ẹ má fi ìfun náà bọ́ àrọ̀, torí inú ẹja yín ni ike náà tún ń padà sí. Ẹ rì í mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan ẹja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rá tan iná mọ́. Èéfín rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ẹja, ẹ̀yin fúnra yín àti ọmọ tó wà lẹ́yìn yín sì ń fà á símú. Pòpòrò jéró pọ̀ nílẹ̀ níbí, ó sì ń tètè ràn.