Bátìrì Inú Ẹ̀rọ Ẹnu Géètì

Gbogbo wa la mọ ẹ̀rọ dúdú gígùn tí wọ́n fi ń yẹ èèyàn lára wò lẹ́nu géètì. Bó bá kan irin, á dún. Bí kò bá dún, wọ́n á ní kó o máa wọlé.

Lọ́jọ́ eré ìdárayá tó kọjá, mo dúró ti Bàbá tó ń ṣọ́ géètì kí n lè kọ ìròyìn. Èrò ń wọlé, ẹ̀rọ ò sì dún rárá. Nígbà tí èmi náà fẹ́ wọlé, wọ́n fi kan àpò mi. Ìdì kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, síbẹ̀ kò dún! Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ mà rèé o." Wọ́n fi kan irin bẹ́líìtì tiwọn, kò dún. Bátìrì ti kú. A ò mọ ìgbà tó kú, a ò sì mọ iye èèyàn tó ti kọjá. Wọ́n dá gbogbo èrò dúró, wọ́n ń fọwọ́ tú báàgì títí a fi ra bátìrì tuntun.

Mo lọ bi olùkọ́ Físíìsì wa. Wọ́n ní wáyà tí wọ́n wé róbótó ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Iná bátìrì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń sọ ọ́ di òòfà. Bí agbára òòfà yìí bá dé ara irin, iná díẹ̀ á ṣẹ̀ nínú irin náà, á da òòfà ẹ̀rọ rú. Ìyẹn ló ń mú un dún. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti wà ní títàn, ó ń jẹ bátìrì, ì báà má kan ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ń lo bátìrì kékeré onígun mẹ́rin, ti fóólítì 9. Èyí tó jẹ́ alkaline máa ń gbà tó 500 mAh. Ká ní ẹ̀rọ ń fa 10 mA:

500 ÷ 10 = wákàtí 50.

Bí Bàbá bá ń lò ó fún wákàtí 5 lójúmọ́, á tó ọjọ́ 10. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbàgbé láti pa á láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ di aago 6 àárọ̀, wákàtí 14 ti lọ lásán. Òru mẹ́ta péré, wákàtí 42 ti run!

Ohun tó yẹ ká máa ṣe:

1. Ká pa ẹ̀rọ bí èrò bá dá.
2. Láràárọ̀, ká fi kan kọ́kọ́rọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí èrò bá pọ̀, ká tún un ṣe láàárín.
3. Bí iná tó ń sọ pé bátìrì ti ń lọ sílẹ̀ bá tàn, ká pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Kí òmíràn wà nílẹ̀.
4. Bí a bá gba ọlidé, ká yọ bátìrì jáde, torí omi inú rẹ̀ lè jò, kó ba ẹ̀rọ jẹ́.
5. Ká má ṣe fi bátìrì tí kì í ṣe oníṣájì sórí ṣájà. Ó lè bẹ́.

Nísinsìnyí, Bàbá ti so kọ́kọ́rọ́ kan mọ́ ara géètì fún ìdánwò. Torí bí ẹ̀rọ ò bá dún, ó lè jẹ́ pé kò sí irin, ó sì lè jẹ́ pé bátìrì ló kú.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: bí ẹ̀rọ bá ń fa 20 mA, wákàtí mélòó ni bátìrì yẹn máa lò? Ẹ mú ìdáhùn wá fún Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn.