Orúnkún Àtọwọ́dá: Báwo Ni A Ṣe Ń Mọ̀ Bí Ó Ti Jẹ Tó?

Ẹ̀yin ìyá àti baba tí ẹ ti pààrọ̀ orúnkún, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ yín ni ó ń sọ fún mi ní dìsípẹ́ńsárì pé, níwọ̀n ìgbà tí orúnkún tuntun náà kò ti dùn yín, kí ni ẹ tún ń wá lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Kì í ṣe irin nìkan ni ó wà níbẹ̀. Irin kan bo ìsàlẹ̀ egungun itan, èkejì jókòó sórí egungun ojúgun, ike líle sì wà láàárín wọn. Ike yìí ni ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí gìgísẹ̀ bàtà, nígbà mìíràn ní apá kan ju èkejì lọ. Dókítà John Charnley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fojú rí i lára oríkèé ìbàdí: Teflon tí ó kọ́kọ́ lò tètè jẹ, ni ó fi mú irú ike mìíràn ní ọdún 1962. Irú ike kejì yìí, lẹ́yìn àtúnṣe, ni ó wà nínú orúnkún lónìí.

Jíjẹ náà fúnra rẹ̀ kì í dunni. Eérún rẹ̀ tí ojú kò lè rí ni ewu. Ara a máa gbógun tì í, egungun tí ó yí irin ká a máa yọ́ lọ, irin a sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kí ìrora tó dé, egungun lè ti dínkù, iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì a sì ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ.

X-ray kì í fi ike náà hàn dáadáa. Irin méjèèjì ni à ń rí, àti àlàfo tí ó wà láàárín wọn. Àlàfo yẹn ni à ń wọ̀n. Ìdí nìyí tí a fi ń ní kí ẹ dìde dúró, kí ìwúwo ara lè tẹ irin mọ́ ike. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, àlàfo lè ṣí, kí ó sì tàn wá jẹ. Bí ẹ̀rọ bá dagun díẹ̀, bákan náà ni. Fọ́tò a sì máa mú nǹkan tóbi, nítorí náà irin tí dókítà ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni ó fi ń ṣe rúlà.

Jíjẹ ọdún kan kéré sí mìlímítà kan púpọ̀, nítorí náà fọ́tò kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan. Ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni a ó fi wé ti ìsinsìnyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í dí ihò fèrèsé. Mo ti rí i rí!

Kí ẹ̀rù má bà yín. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nǹkan bí 82 nínú 100 irú orúnkún bẹ́ẹ̀ ni ó ń lo ọdún 25. Ẹ sáà tọ́jú fọ́tò yín, pẹ̀lú káàdì tí a kọ irú irin náà sí, kí ẹ sì lọ ní ọjọ́ tí dókítà bá dá. Bí orúnkún bá wú, tàbí tí ó ń yẹ̀ bí ẹ ti ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹ má dúró de ọjọ́ náà.