Ẹni tó wá jẹ́rìí kò wá jẹ́jọ́

Ẹ tẹ́tí sí ìròyìn rédíò lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin bá ránṣẹ́ pe ọ̀gá àjọ ìjọba kan pé kó wá ṣàlàyé bó ṣe náwó. Ẹ ó gbọ́ pé ọ̀gá náà “fojú ba ìgbìmọ̀”, pé ó “lọ jẹ́jọ́”. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ pè é ní “afurasí”. Ẹni tí wọ́n pè pé kó wá sọ ohun tó mọ̀ ti di ọ̀daràn létí aráàlú kó tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, torí bí a bá ti fi ẹnu dá ìwádìí lẹ́jọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ló tún kù tí ìgbìmọ̀ fẹ́ wá?

Wá ìdí: òun ló di ìwádìí. Abala 88 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 ló gbé iṣẹ́ yìí lé ilé aṣòfin àgbà àti ilé aṣojú-ṣòfin lọ́wọ́, kí wọ́n lè ṣòfin, kí wọ́n sì tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìnákúnàá owó tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí. Abala 128 fún àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè fìwé pe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n mú un búra, kí wọ́n sì ní kí ọlọ́pàá lọ mú un wá bó bá kọ̀ tí kò wá. Àmọ́ irú agbára bẹ́ẹ̀ ti ní ààlà tipẹ́, kí ìwé òfin yìí tó dé. Lọ́dún 1980, ilé aṣòfin àgbà ránṣẹ́ pe Tony Momoh, olóòtú Daily Times nígbà náà, nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ kọ nípa àwọn aṣòfin. Momoh gba kóòtù lọ, kóòtù sì sọ pé ohun tí òfin torí rẹ̀ fún wọn ní agbára ìwádìí nìkan ni wọ́n lè lò ó fún.

Ẹ jẹ́ ká wá ya àwọn ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó mọ nǹkan tó sì sọ ọ́, ó jẹ́rìí. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tó ń ro tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́, ó ń jẹ́jọ́. Ẹni tó gbà pé òun lòun ṣe é, ó jẹ́wọ́. Ohùn òkè ni “jẹ́” inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà tí adájọ́ bá ti dájọ́ ni ohùn tó lọ sílẹ̀: jẹ̀bi. Akọ̀ròyìn tó bá kọ ọ́ pé ọ̀gá àjọ kan “jẹ́wọ́ fún ìgbìmọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀nà kò tíì parí” ti yí àlàyé padà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó ṣàlàyé ni, tàbí kí ẹ kọ ọ́ pé ó sọ. Bákan náà, ilé ẹjọ́ ni afurasí ń fojú bà. Níwájú ìgbìmọ̀, ẹlẹ́rìí jẹ́ ìpè, tàbí ó yọjú. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó dájọ́ láìtíì gbọ́ ẹnu ẹnikẹ́ni ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ṣì lò kan àwọn aṣòfin fúnra wọn náà. Òfin ọdún 2017 lórí agbára àwọn ilé aṣòfin ní kí ẹnikẹ́ni má pe aṣòfin lẹ́jọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ nínú ilé tàbí níwájú ìgbìmọ̀. Ọdún 1689 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ irú rẹ̀ sínú òfin tiwọn. Àwọn akọ̀ròyìn wa ń pè é ní “àǹfààní aṣòfin” lórí afẹ́fẹ́. Létí Yorùbá, àǹfààní aṣòfin ni ọkọ̀ ìjọba àti owó àjẹmọ́nú, ìyẹn ni inú fi ń bí aráàlú sí òfin tí a ṣe nítorí tiwọn. “Ẹ̀tọ́ ìsọ̀rọ̀ láìfòyà” tẹ́ mi lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì bá ti abala 308 nínú ìwé òfin tan, èyí tó dáàbò bo ààrẹ, gómìnà àti igbákejì wọn. Aṣòfin kò sí níbẹ̀.

Ohun tí aṣòfin Farouk Lawan rí fi èyí hàn. Oṣù kìíní ọdún 2012, nígbà tí owó epo tó lọ sókè mú kí àwọn èèyàn ṣe ìwọ́de, ilé aṣojú-ṣòfin fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí owó ìrànwọ́ orí epo. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ gíga l'Ábùjá ní ó jẹ̀bi, pé ó gba $500,000 lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan tí ìwádìí náà kàn. Ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni wọ́n dá fún un. Kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí 5, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2024. Irú owó bẹ́ẹ̀ làwọn kan ń pè ní “ẹ̀bùn” tàbí “owó obì”. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á tún ní awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, kí ilé dáàbò bo ọmọ ilé. Òwe yẹn kò sí fún awo tó ta awo.

Ó ku ọ̀kan. Bí àbọ̀ ìwádìí bá wọlé tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́, ẹ má sọ pé wọ́n “gbá a sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì”. Òyìnbó ló ni ìyẹn. Wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n daṣọ bò ó. “Tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò” náà wà nílẹ̀, ẹ má kàn lò ó fún ìgbìmọ̀ tí kò tíì gbé àbọ̀ rẹ̀ síta.