‘Ẹ’ Tiwa àti ‘Sie’ Àwọn Ará Jámánì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Òfíkì ní Òkè-Ògùn ni a ti bí mi. ‘You’ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọba àti fún ẹrú, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi gbà pé kò sí òyìnbó tó ní ohun tó jọ ‘ẹ’. Sáà ẹ̀kọ́ kan tí mo lò gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ní Bayreuth, ní ilẹ̀ Jámánì, ló fi hàn mí pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bayreuth kì í sì í ṣe àjèjì sí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá: ibẹ̀ ni Ulli Beier, tó dé sí Ìbàdàn ní 1950 tó sì bá wa gbé ní Ẹdẹ àti Òṣogbo, ti dá Iwalewahaus sílẹ̀ ní 1981. Orúkọ ilé náà kò nílò ògbufọ̀.

Ìgbé-ayé ojoojúmọ́ kò pẹ́ kọ́. Bí olùkọ́ bá parí ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í pàtẹ́wọ́, ìka ni wọ́n fi ń kan tábìlì. Bí ìwé bá wí pé agogo mẹ́wàá ‘c.t.’, agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 15 ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ‘s.t.’, agogo mẹ́wàá gééré ni. Ní ọjọ́ Sunday, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló ń tì. Láti agogo mẹ́wàá alẹ́, ilé gbọ́dọ̀ dákẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe ronú iyán gígún. (Búrẹ́dì tútù ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ lálẹ́. Ẹ bá ọmọ Òkè-Ògùn kẹ́dùn.)

Gírámà ló ṣòro. Èdè Jámánì ní ‘du’ fún ẹni kejì ẹyọ, ó sì ní ‘Sie’ fún ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Bí a bá yẹ ‘Sie’ wò, arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ọ̀pọ̀ ni, ‘wọ́n’ gan-an. Lẹ́tà ńlá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀ nínú ìwé. Ó dà bí ẹni pé a dúró níwájú bàbá ẹni, a sì ń bi í pé, ‘Ṣé wọ́n jí dáadáa?’ Àwa náà ń fi ‘wọ́n’ pe àgbà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni.

Ọ̀nà wá yà. Ọjọ́ orí ni ‘ẹ’ tiwa kọ́kọ́ ń wò. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ sùn lórí ẹní kan náà, ‘ẹ’ ni. Ìsúnmọ́ra ni ‘Sie’ ń wò. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń wí ‘du’ fún bàbá bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Àgbàlagbà méjì sì lè jọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan fún ogún ọdún lórí ‘Sie’. Bí wọn yóò bá bọ́ sí ‘du’, àgbà ló ń dá a lábàá.

Ìyá onílé mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní oṣù kejì, wọ́n bu kọfí fún mi, wọ́n dárúkọ ara wọn, wọ́n ní kí n máa pe àwọn bẹ́ẹ̀, kí n sì máa wí ‘du’. (Ẹ̀yin náà rí i pé n kò tilẹ̀ lè kọ wọ́n ní ‘ó’.) Ẹnu mi wúwo. Ní ilé wa, ìyàwó kì í pe ọmọdé tó bá nílé lórúkọ, áńbọ̀sìbọ́sí ìyá àgbà! Fún ọjọ́ mélòó kan, gbólóhùn tí kò ní ẹni kejì nínú ni mò ń wá: dípò ‘ṣé o sùn dáadáa?’, mo ń wí pé, ‘ṣé oorun dùn?’ Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó ń rẹni. Wọ́n sì fura, nítorí lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá kọ ‘du’, ọ̀rẹ́ ló kọ̀.

Mo jókòó, mo ṣàlàyé ‘ẹ’ fún wọn. Wọ́n bi mí pé kí ni a ń pe irú àwọn ní Òfíkì. Mo ní ‘Màmá’. Láti ọjọ́ náà, ‘Màmá, du’ ni mò ń wí, ọ̀kan tiwa, ọ̀kan tiwọn. Wọ́n tún bi mí pé bí àwọn bá dé Òfíkì, tí ọba ibẹ̀ kéré sí àwọn lọ́jọ́ orí ńkọ́? Mo ní ‘ẹ’ náà ni.

Wọ́n ní, ‘Kì í ṣe ọdún nìkan lẹ ń kà nígbà náà.’

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣe orí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lọ́dún yìí.