"Ó Ti Wọjà": Ọ̀rọ̀ Tó Ń Dènà Ìwòsàn

Ní Òṣòdì, ní ìlú Èkó, bí kọ̀ńdọ́ bá kọ̀ tí kò fún èrò ní ṣéńjì, tàbí tí awakọ̀ kan bá ya bá èkejì lábẹ́ afárá, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni "Ṣé wèrè ń ṣe ẹ́ ni?" Èébú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe hun ún. "Ń ṣe" yìí náà là ń lò fún àìsàn gbogbo: ibà ń ṣe é, àìsàn ń ṣe é. Èdè wa ti mọ̀ tipẹ́ pé àìsàn tó ń ṣe ènìyàn ni wèrè jẹ́.

"Wèrè ni" ló bà á jẹ́. Ẹ̀tẹ̀ ni àrùn, adẹ́tẹ̀ ni ẹni tó ń ṣe. Ìsínwín ni àrùn, asínwín ni ẹni tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n wèrè là ń pe àrùn, òun náà la tún ń pe aláìsàn. Bó bá yá, a ò ní rí ọmọ ènìyàn mọ́, àrùn nìkan la ó máa rí.

Lára àwọn àìsàn tí a kó jọ sábẹ́ orúkọ yìí, schizophrenia wà nínú àwọn tó le jù. Kì í ṣe pé ènìyàn méjì ń gbé inú ara kan, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ẹni tó ń ṣe lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó lè dá a lójú pé wọ́n fẹ́ pa òun, kí ẹ̀rí kankan má sì lè yí ọkàn rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má so mọ́ra mọ́, ó sì lè ti ara rẹ̀ mọ́lé láìwẹ̀. Ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó lè rìn nínú ìdílé, igbó mímu sì ń dá kún un.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ọdẹ orí. Ẹni tí ọdẹ orí ń ṣe á ní nǹkan ń rìn nínú orí òun, orí ń gbóná, oorun kò sì wá. Dókítà R. O. A. Mákánjúọlá kọ̀wé lórí rẹ̀ lọ́dún 1987: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ló wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń ṣe.

Èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ wa ni "ó ti wọjà". Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni pé bí wèrè bá ti lè wọjà, kò gbóògùn mọ́. Òṣòdì sì rèé, ọjà ni látòkè délẹ̀! Ẹni tó bá rí aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà á sọ bẹ́ẹ̀, á sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1907, ní ẹ̀ka ní Òṣòdì yìí kan náà, tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Nígbà tí wọ́n dá Yábà sílẹ̀, kò tíì sí oògùn òyìnbó fún schizophrenia. Nǹkan bí ọdún 1952 ni chlorpromazine, oògùn àkọ́kọ́ tó ń kápá rẹ̀, jáde ní Faransé. Lónìí, oògùn oníhóró wà, abẹ́rẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan náà wà. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ló máa ń sàn fún jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ lójú pópó náà ṣì ń rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Bí a bá dá oògùn dúró nítorí pé ara ti yá, àrùn náà sábà máa ń padà wá.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọmọ ẹnìkan ni ẹni tí a ń wò lọ́jà. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń dá ohùn tí ẹ kò gbọ́ lóhùn, ẹ má sọ pé ayé ti ṣe é, ẹ má sì sọ pé wèrè ni. Ohun tí à ń sọ nípa gbogbo aláìsàn ni kí ẹ sọ: "Ara rẹ̀ kò yá." Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ọ̀dọ̀ dókítà là ń mú un lọ.